Bàbá Sàlá àti Gbèsè Tí A Jẹ Ẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Maitama. Ìgbìmọ̀ ní kí a tẹ̀ ẹ́ síbí fún àǹfààní àwọn tí kò lè wá.)

Ẹ kú ọ̀nà o, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ti Kubwa, Nyanya, Mararaba àti Lugbe wọ ọkọ̀ wá sí Maitama ní ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn tí ẹ ti fi ọjọ́ mẹ́fà wá síbẹ̀ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ka Maitama ni a ń jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí àwọn tí ń sùn ní Maitama nínú wa nawọ́ sókè, ìka ọwọ́ kan yóò tó kà wọ́n, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì àti alásè ni yóò sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀ náà gan-an, Kubwa ni ìjọba kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ nígbà tí a ń kọ́ olú-ìlú yìí. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bínú nítorí owó ọkọ̀. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń tọ̀.

Ní ìpàdé tí ó kọjá, a fi ẹnu kò pé kí a ṣe àríyá kan fún àwọn ọmọ wa ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí a sì fi eré Yorùbá hàn wọ́n. Gbogbo wa ni a mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ yìí gbọ́ Haúsá, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí ìyá wọn bá ní kí wọ́n lọ mú ìgbá wá nínú àgbọ̀n, igbá ni wọn óò gbé dé. Nígbà tí a béèrè pé eré ta ni kí a fi hàn wọ́n, ariwo ta. Oníkálukú ń dárúkọ òṣèré tirẹ̀, àwọn ìyá wa ń dárúkọ tiwọn, àwọn ọ̀dọ́ ń dárúkọ àwọn tí àwa kò tilẹ̀ mọ̀. Alága wá pàṣẹ pé kí èmi akọ̀wé, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé èmi ni mo pariwo jù, wá sọ ti ẹni tí mo dárúkọ ní gbangba ìpàdé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó bọ́ sídìí òwò èlùbọ́ àti epo. Ẹni tí ó bá ń retí ọ̀rọ̀ yunifásítì lẹ́nu mi, kí ó jọ̀wọ́ fara mọ́ èyí tí ó bá rí.

Ẹni tí mo dárúkọ ni Bàbá Sàlá. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ọdún 1936 ni a sì bí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró sí àárín ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà èwe mi, tí ẹ ń béèrè Moses Ọláìyá, oòrùn yóò wọ̀ sí yín lórí níbẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé Bàbá Sàlá, ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì yóò bú sẹ́rìn-ín.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àpótí tí a ti rí i. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní Ìbàdàn, tí a ń pè ní WNTV. Ìlà-Oòrùn ṣí tirẹ̀ ní Enugu ní ọdún kejì, Àríwá sì ṣí ti Kaduna ní ọdún 1962. Nígbà tí a fi bí àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún lónìí, Ìjọba Àpapọ̀ ti kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe NTA, láti ọdún 1977. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé àwọn ará Ìbàdàn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ilé-iṣẹ́ náà kò ní ohun púpọ̀ láti fi hàn. Òyìnbó ni ó ní fíìmù, eré Òyìnbó ni ó sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn eléré ìbílẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà ní tiwọn, wọ́n ń gbé eré wọn láti ìlú dé ìlú nínú ọkọ̀ akẹ́rù: Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Òyìn Adéjọbí. Àwọn ni wọ́n wọ inú àpótí náà lọ tí ó fi di ti ilé wa.

Moses Ọláìyá kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré ṣíṣe. Orin ni ó ń kọ. Ní ìdajì àwọn ọdún 1960, ó ní ẹgbẹ́ olórin kan tí ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí ó ń ta gìtá fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni gbogbo ayé ń pè ní King Sunny Adé lónìí. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ ọkùnrin yìí ni a ti dá ohun méjì sílẹ̀ fún Yorùbá, ọ̀kan ń mú wa jó, èkejì ń mú wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó ṣe, ó fi orin sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀, ó pè é ní Aláwàdà. Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love ọmọ Agbamu ní Kwara, tí í ṣe bàbá Kúnlé Afọláyan tí àwọn ọmọ yín ń wo fíìmù rẹ̀ nísinsìnyí, wà nínú ẹgbẹ́ yìí láti ọdún 1966 títí di 1971 kí ó tó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Mo ń bọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí, ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin kan tí ó wọ kóòtù tí kò bá ara rẹ̀ mu, ṣòkòtò rẹ̀ sì dà bí ẹni pé ènìyàn méjì ni a rán an fún. Ó so táì onílabalábá mọ́rùn, táì náà sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bo àgbọ̀n dé èjìká. Awò ojú rẹ̀ dà bí ojú fèrèsé méjì. Dípò agogo ọrùn ọwọ́ tí àwọn aláfẹ́ ń so, agogo ńlá, irú èyí tí a ń gbé sórí tábìlì tàbí tí a ń fi kọ́ ara ògiri, ni ó so mọ́ ara rẹ̀. Kí ó tó la ẹnu rárá, ilé ti dàrú.

Ọmọdé ni mí nígbà náà, ẹ̀rín nìkan ni mo rí. Nígbà tí mo dàgbà ni mo rí ohun tí ó ń ṣe. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá so agogo, tí ó de táì, tí ó fi awò sójú, olówó ni, akọ̀wé ni, ẹni tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún ni. Bàbá Sàlá wá kó gbogbo ohun àgbà Òyìnbó náà, ó sọ wọ́n di ńlá títí wọ́n fi di yẹ̀yẹ́, ó sì gbé wọn sára arúgbó kan tí kò ní kọ́bọ̀, tí ó ní ahun, tí ó ń sá fún ìjà, tí ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ọmọge. Àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n ń gbọ́n jù ú lọ. Bí ó bá gbèrò láti rẹ́ ènìyàn jẹ, òun ni a ó rẹ́ jẹ. Ìyá ìyá mi, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, a máa sọ pé òun mọ ọkùnrin náà, pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun kan tí ó ti kú ni wọ́n ń fi ṣe eré. Kò sí ilé tí kò ní Bàbá Sàlá tirẹ̀, ìyẹn ni kò fi sí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín.

Ohun kan sì wà tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ṣírò rẹ̀. Ọdún 1936 ni a bí i. Nígbà tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe arúgbó lórí tẹlifísàn Ìbàdàn, ní ìparí àwọn ọdún 1960, ẹni ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ni. Ọ̀dọ́ tí ó lè jó, tí ó lè fò, ni ó ń tẹ̀ bí igi tí kòkòrò ti jẹ nínú. Ó di arúgbó kí ọjọ́ ogbó tó dé. Nígbà tí ogbó tòótọ́ dé, àwa òǹwòran kò mọ ọjọ́ tí ó wọlé.

Kò sí ìwé tí wọ́n ń há sórí. Bí iṣẹ́ àwọn eléré wọ̀nyí ti rí ni pé wọ́n mọ ìtàn, wọ́n mọ ibi tí yóò parí sí, ọ̀rọ̀ àárín rẹ̀ wà lẹ́nu òṣèré. Ìdí rẹ̀ nìyí tí Yorùbá wọn fi dùn: Yorùbá ọjà ni, Yorùbá àgbàlá ni, kì í ṣe èyí tí a kọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Àwa tí kò jókòó pẹ̀lú àgbà púpọ̀, nítorí pé àwọn òbí wa wà lójú ọ̀nà òwò, níbẹ̀ ni a ti gbọ́ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ gún ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìbú u. N kò ní purọ́ fún yín, nǹkan kan wà nínú eré rẹ̀ tí kò yẹ fún etí ọmọdé, ọ̀rọ̀ obìnrin sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn àgbà àdúgbò wa a máa kùn pé ó ń ba ọmọ jẹ́. Àwọn náà kì í dìde kúrò níwájú àpótí títí yóò fi parí.

Ní àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé bàbá kan tí ń ta sìmẹ́ǹtì ni a ti ń wò ó. Àpótí náà kò ní àwọ̀ ju dúdú àti funfun lọ. Ìyá ilé náà ní òfin mẹ́ta: ẹni tí kò bá tíì pọn omi sí àmù òun kò gbọdọ̀ wọlé, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dọ̀tí, ojú fèrèsé ni yóò dúró sí, ẹni tí ó bá sì rẹ́rìn-ín débi tí àwọn ẹlòmíràn kò fi gbọ́ ọ̀rọ̀, yóò jáde. Òfin kẹta yìí kò ṣeé pa mọ́. Àwọn NEPA náà ní òfin tiwọn, ẹ mọ̀ ọ́n; wọn a dúró títí eré yóò fi dé ibi tí ó dùn jù. Ìgbà náà ni a óò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra wa nínú òkùnkùn. Ọmọ kan a gbé ìdérí ìkòkò kọ́rùn gẹ́gẹ́ bí agogo. Nígbà tí iná bá fi padà, eré wa a ti gùn ju ti Ìbàdàn lọ.

Ẹ̀yin tí a bí sí Kaduna, Zaria tàbí Jos lè sọ pé Samanja ni ẹ̀yin mọ̀ ní tiyín. Òtítọ́ ni, n kò sì gbọdọ̀ fojú fo ó. Usman Baba Pategi ni òṣèré náà, ọmọ Pategi ní ìpínlẹ̀ Kwara, ẹni tí ó ti wọ aṣọ ológun ní tòótọ́, tí ó sì mọ bí ọ̀gá sójà ti ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ó di olóògbé ní ọdún 2023. Ìyàwó mi, ọmọ Òfà tí a bí sí Kaduna, sọ fún mi pé nígbà èwe òun, ẹ̀rín méjì ni òun ní. Bí Samanja bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé, Haúsá, Ìgbò, Yorùbá, Nupe, ni yóò péjọ sí àgbàlá. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti Ìbàdàn dé ní ọdún Iléyá tàbí ní Kérésìmesì pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì fídíò eré Yorùbá, inú yàrá ni wọn óò wọ̀ lọ, ìyá rẹ̀ yóò sì máa túmọ̀ òwe fún àwọn ọmọ. Ó ní níbẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé èdè ilé òun kì í ṣe èdè tí a fi ń bá ọmọ wí nìkan, pé a lè fi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Mo ní kí ó wá sọ ọ́ fún yín fúnra rẹ̀, ó ní ojú ń ti òun.

Kì í sì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ gbé eré Yorùbá dé Àríwá. Àwọn bàbá wa tí wọ́n wà ní Sabon Gari Kano àti ní Jos rí Ògúndé lójúkojú kí ẹnikẹ́ni tó mọ tẹlifísàn. Nígbà tí ó gbé eré rẹ̀ tí ó dá lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò ọdún 1945 dé Jos, àwọn aláṣẹ Òyìnbó ibẹ̀ fi òfin dè é. Ẹ wò ó, ẹ̀rù eré Yorùbá ba Òyìnbó ní Jos, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa lónìí kò lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ń ti inú tẹlifísàn bọ́ sí ẹnu ènìyàn kò kéré. Gbogbo Nàìjíríà ń pe olófòófó ní amébò. Inú eré Village Headmaster ni ó ti jáde, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin inú rẹ̀ ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bákan náà, bí ẹnìkan bá wọ aṣọ tí ó tóbi jù ú lọ tàbí tí ó fi awò ńlá sójú, Bàbá Sàlá ni a óò pè é, àní àwọn tí kò rí ọkùnrin náà rí ń pè é bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, mo ní kí n sọ ti Ọ̀run Móoru, nítorí pé òun ni ó kan ẹgbẹ́ wa.

Ọdún 1982 ni Bàbá Sàlá gbé fíìmù náà jáde. Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ni tí oníjìbìtì fi ìlérí owó òjijì gba ohun ìní rẹ̀, tí ayé sú u títí ó fi bá ara rẹ̀ ní ìlú àwọn òkú. Ẹ rántí pé fíìmù ayé ìgbà náà kì í ṣe ohun tí a ń fi fóònù yà. Orí ọ̀rá gígùn tí a ká bí òwú ni a ń ya á sí, òkèèrè ni a ń gbé e lọ fọ̀ kí àwòrán tó jáde, owó ilẹ̀ òkèèrè ni a sì fi ń sanwó iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó ni ín yóò gbé e rù, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń tàn án sára aṣọ funfun, láti ìlú dé ìlú. Yóò háyà gbọ̀ngàn tàbí ilé sinimá, yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa gba owó lọ́wọ́ ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú owó ẹnu ọ̀nà yìí ni yóò ti san gbèsè tí ó jẹ kí ó tó ṣe fíìmù. Kò sí ọ̀nà mìíràn.

Àwọn ènìyàn tú jáde láti wo Ọ̀run Móoru. Ṣùgbọ́n fíìmù náà ṣì wà lójú ọ̀nà nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò rẹ̀ gba ìgboro kan. Àwọn kan ti dà á kọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ fídíò yóò wò ó nínú yàrá rẹ̀, yóò pe ogún ènìyàn sí i, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ogún náà tí yóò dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn mọ́. Gbèsè sì wà lọ́rùn ọkùnrin náà.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ dá mi lóhùn. Ta ni ọmọ Ìjẹ̀ṣà nínú ìtàn òwò Yorùbá? Òṣómàáló ni. Àwọn bàbá wọn ni wọ́n ru aṣọ káàkiri ilẹ̀ yìí, wọn a tà á láwìn, nígbà tí ọjọ́ bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọn a ní lórí ìlóṣòó ni àwọn yóò wà títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ọmọ Òṣómàáló ni Bàbá Sàlá, ṣùgbọ́n nígbà tí a jẹ òun ní gbèsè, ilé ta ni kí ó lọ lóṣòó sí? Ẹgbẹ̀rún ilé ni. Ilé àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ láyé ni. Ìyẹn ni ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó bà á jẹ́.

Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí èyí. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983, ó ṣe Mo Ṣebọ́látán ní 1985, Adé Love tí ó ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ni ó sì darí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń yọ̀. Ní ọdún tí Ọ̀run Móoru jáde, náírà kan ṣì ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1986 tí ìjọba ológun ti jẹ́ kí ọjà máa wọn iye náírà, ẹni tí ó fẹ́ fọ fíìmù ní òkèèrè ní láti kó àpò owó kún àpò owó. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn eléré fi ọ̀rá sílẹ̀, tí wọ́n bọ́ sórí fídíò. Òun náà ṣe ti fídíò. Ó darúgbó ní tòótọ́, àìsàn dé, ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni ó sì kú ní Iléṣà. Àwọn ìwé ìròyìn kún fún ìyìn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ eré rẹ̀ tí ó wò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó sọ iye tí ó san.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tí ó kù, nítorí mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ àwọn kan.

Lẹ́yìn ìpàdé tí ó kọjá, arákùnrin kan nínú wa wá bá mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín níbi tí ó jókòó sí nísinsìnyí. Ó ní kí n má ṣe da owó ẹgbẹ́ láàmú, pé kò sí eré Yorùbá tí òun kò ní nínú fóònù òun, ti àná àti ti òní, pé òun yóò kó wọn sínú káàdì kan fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ó ṣe é pẹ̀lú ọkàn rere. Ó tún fi kún un pé kì í ṣe olè, nítorí ẹni tí ó ni eré náà ṣì ní in lọ́wọ́. A kò gbé e lọ.

Mo rò ó títí mo fi sùn. Ní tèmi, bí ẹnìkan bá bu èlùbọ́ nínú àpò mi, mo mọ̀ pé ó dín. N óò pariwo, àwọn ará ọjà yóò bá mi mú un. Ṣùgbọ́n kí a sọ pé ẹnìkan ní oògùn kan tí ó fi ń wo èlùbọ́ mi lásán, tí irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ń kún àpò tirẹ̀, tí ó wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọjà, tí ó ń fi fún àwọn oníbàárà mi kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Àpò mi kò dín. Ó kún bámúbámú. Yóò wà bẹ́ẹ̀ ní kíkún títí kòkòrò yóò fi wọ̀ ọ́, nígbà tí ẹni tí ó tà á fún mi láwìn bá sì dé láti Ṣakí, kì í ṣe àpò kíkún ni yóò gbà lọ́wọ́ mi. Oníbàárà mi ni ọkùnrin náà jí. Ohun tí wọ́n jí lọ́wọ́ Bàbá Sàlá nìyẹn.

Òfin wà o. Ó ti wà láti ọdún 1970, a tún un ṣe ní 1988, èyí tí a ń lò lónìí sì ni ti ọdún 2022 tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Àjọ tí ń mójú tó o wà ní Àbújá níbí pẹ̀lú wa. N kò fẹ́ fi òfin dẹ́rù bà yín, kò sí ọlọ́pàá tí yóò wá ká àwọn ọmọ kékeré mọ́ ibi tí wọ́n ti ń wo eré. Ṣùgbọ́n àríyá tí a fẹ́ ṣe yìí, nítorí kí àwọn ọmọ lè mọ iyì ohun tiwa ni a ṣe fẹ́ ṣe é. Ọmọ a máa rí ohun gbogbo. Yóò rí bí a ti gbé eré náà wá.

Àwọn ilé ńláńlá tí ó yí wa ká ní Maitama yìí, tẹlifísàn mẹ́ta mẹ́rin ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2010 ni ìkànnì tí ń fi eré Yorùbá hàn tọ̀sán tòru ti wà lórí sátẹ́láìtì. Eré kò wọ́n wa mọ́. Ohun tí ó wọ́n ni yàrá tí ogún ọmọ ti ń wò ó pọ̀, tí àgbà kan sì wà níbẹ̀ tí yóò dáhùn bí ọmọ bá béèrè pé kí ni ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹgbẹ́ lè ṣe ìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí èmi àti Akápò fi síwájú yín nìyí. Kí a yan eré méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ti ayé àtijọ́ bí a bá rí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti tà á tàbí láti yọ̀ǹda rẹ̀, kí èkejì jẹ́ ti ìsinsìnyí. Èmi yóò kọ ìwé sí àwọn tí wọ́n ni wọ́n, a óò béèrè iye tí wọn óò gbà, a óò san án. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá ẹgbẹ̀rún kan náírà, kí àwọn ọmọ má san ohunkóhun. Ẹ̀gbọ́n wa tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Wuse ti gbà láti gbé ẹ̀rọ tí ń tan àwòrán sára ògiri wá. Ìyá Ẹgbẹ́ ti gbà láti jókòó láàárín àwọn ọmọ kí ó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn. Wọn kò sì ní sọ fún àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n má ṣe rẹ́rìn-ín sókè.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kásẹ́ẹ̀tì eré Yorùbá àtijọ́ tí ó rà nígbà náà, tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí nínú àpótí ní ilé, kí ó má ṣe jù ú nù. Ọ̀pọ̀ nínú eré tí wọ́n fi hàn ní ayé ọjọ́un ni kò sí mọ́ níbikíbi. Kí ó mú un wá kí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kí a mọ ohun tí a ní.

Owó àdájọ náà, èmi ni ẹ óò kó o fún kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé. Ìwé ẹ̀rí owó wà lọ́wọ́ mi níhìn-ín. Arákùnrin tí ó ń rẹ́rìn-ín yẹn ni yóò kọ́kọ́ san tirẹ̀.